Àlejò Wà Nílé

Sàfúrátù kò fẹ́ lọ síbi ìkómọ yẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún? Tàófíìkì àbúrò rẹ̀ ló bímọ, Tàófíìkì yìí kan náà ló sì jẹ́ kí wọ́n yọ kíndìnrín kan lára òun fún un ní ọdún méjì ààbọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, wọ́n ní bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tí wọ́n wá fún ní kíndìnrín, tí kò lè yọjú síbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ olóore rẹ̀ lórúkọ ńkọ́? Àwọn àgbà Ìsẹ́yìn gbọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò tíì pa òwe tó gba ìyẹn.

Nítorí náà, ó kírun àsùbá tán, ó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó sì fi ìbòmú bo imú àti ẹnu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti gbó, wọ́n ti sun igbó lọ́tùn-ún lósì, eruku ń rọ́ wọlé. Obìnrin tó jókòó tì í bẹ̀ ẹ́ pé kó ti fèrèsé. Sàfúrátù tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò tì í. Obìnrin náà fi ìborùn bo orí, ó ń kùn títí wọ́n fi kọjá Òtù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà lára obìnrin yìí kí ìtàn tó jìnnà, nítorí àwọn èèyàn ti sọ ọ́ ní oríṣiríṣi, wọn kò sì sọ ọ́ re. Ara ọmọ èèyàn ní ọlọ́dẹ tirẹ̀. Ohun tó bá wọlé tí kì í ṣe ọmọ ilé, àwọn ọlọ́dẹ náà á dìde sí i. Bí ikọ́ ni, wọ́n á lé e, bí ibà ni, wọ́n á bá a jà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kò mọ ẹni tó wá ṣe ni lóore yàtọ̀ sí olè. Kíndìnrín Tàófíìkì tí wọ́n gbé sínú Sàfúrátù, ọmọ ìyá ni, ọmọ bàbá ni, síbẹ̀ lójú àwọn ọlọ́dẹ ara rẹ̀, àjèjì tó fo ọgbà wọlé ni. Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á lù ú pa. Ìdí nìyẹn tó fi ń lo oògùn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ láìyẹ̀ ọjọ́ kan, oògùn tó ń mú kí àwọn ọlọ́dẹ náà máa tòògbé. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ tó bá ń tòògbé, kì í ṣe olóore nìkan ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tó jẹ́ ikọ́ ọjọ́ méjì fún ẹlòmíì lè gbé Sàfúrátù dé ibùsùn ilé ìwòsàn.

Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó lọ sí òde ìnáwó. Kì í jẹ oúnjẹ àná, kì í mu omi tí kò bá hó. Ọ̀tọ̀ ni ife rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ṣíbí rẹ̀. Òfì ló ń tà, bí ó bá sì wọ ọgbà àwọn ahunṣọ lọ rajà, tó gbọ́ tí ẹnìkan húkọ́, á ti fi ọjà sílẹ̀, á bọ́ síta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Àlàájà Má-fọwọ́-kàn-mí. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í dénú.

Ẹ̀rù ló wà nínú. Kì í kúkú ṣe ẹ̀rù ikú nìkan, nítorí ó ti sún mọ́ ikú rí, ó sì ti mọ ojú rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni kíndìnrín náà. Lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Àmánà ni, ohun tí wọ́n fún un pa mọ́. Bí ohun tí wọ́n fún èèyàn pa mọ́ bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú wo ni yóò fi wo ẹni tó ni í?

Nígbà tó dé Àgọ́-Àrẹ, èèyàn ti pé. Tàófíìkì ti gbé àga kan sọ́tọ̀ fún un lábẹ́ igi èmi, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ó sáré wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìyá Abíọ́nà ni wọ́n ń pe ìyá yìí, ará Kìṣí ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ Sodiqat ti bímọ, òun ló ń wẹ ọmọ tuntun. Àna ni wọ́n jẹ́ síra wọn, wọ́n sì kí ara wọn bí àna, ó pẹ́.

Tàófíìkì wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, àlejò wà nílé o."

Ìyá Abíọ́nà mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni, àna mi. Àlejò ń bẹ ní yàrá ẹ̀yìn. Ká rọra máa ṣe."

"Háà, ẹ kú àlejò o!" Sàfúrátù dá wọn lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n ní "oo", wọ́n sì yára bá ibòmíì lọ.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Òwe tó dáa ni. Ohun tí wọn kò fi kún un fún wa ni pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà lè dénú ọmọlúàbí, kó sì di odindi ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí Sàfúrátù gbọ́ ni pé èèyàn pàtàkì kan ti Kìṣí wá, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń sinmi, kí wọ́n má pariwo. Èyí tó sì tún burú ni pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Wọn kì í sọ fún ọmọ tí wọ́n kọ́ pé àlejò wà nílé, kó wá padà sílé rẹ̀ láìkí i.

Àlùfáà ṣàdúà, wọ́n pe ọmọ náà ní Kàdírì, inú gbogbo èèyàn dùn. Sàfúrátù jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń pín ẹran àkíkà kiri, bó ṣe ń tẹ̀ tó ń nàró bí ẹni tí nǹkan kan kò yọ lára rẹ̀ rí. Ó dúpẹ́ lọ́kàn. Ó wá rántí àlejò.

Yàrá ẹ̀yìn náà wà lápá ibi ìdáná. Kó tó kanlẹ̀kùn, ó yọ ìbòmú rẹ̀, ó tì í bọ àpò, kí àlejò má baà sọ pé ẹ̀gbọ́n Tàófíìkì ń bo imú sí òun.

"Sàláámù àlékún o. Àlejò wa, ẹ kú ìrìn o."

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Wọ́n ti fi aṣọ dí fèrèsé, inú yàrá ṣú. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ríran díẹ̀, kò rí àlejò kankan. Ramlah ló rí, ọmọ ọdún mẹ́fà, àkọ́bí Tàófíìkì, lórí ẹní.

"Àǹtí Ìsẹ́yìn!" Ọmọ náà fò dìde, ó sì so mọ́ ọn lọ́rùn.

Ó yẹ kó tì í kúrò. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò sí ọmọdé kan tó so mọ́ ọn lọ́rùn rí, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbé e lé itan. Ara ọmọ náà gbóná. Ta ni ara rẹ̀ kò ní gbóná ní yàrá tí wọ́n dí pa lójú ẹ̀ẹ̀rùn?

"Ẹ bá mi họ ẹ̀yìn mi, ó ń yún mi."

Ó họ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan wínníwínní lára ọmọ náà, ó rò pé ooru ló sú sí i lára. Ó ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń bi í nípa iléèwé. Ó wá bi í pé, "Àlejò yín dà?"

"Àlejò wo?"

"Ìyá àgbà ní àlejò wà ní yàrá yìí."

Ramlah bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo ni àlejò náà! Ara mi ló wà. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jáde títí á fi lọ."

Ọwọ́ Sàfúrátù dúró. Ìka rẹ̀ méjì tutù, omi wà lórí wọn. Ó gbé ọmọ náà kalẹ̀, ó fa aṣọ fèrèsé ya, ó sì wo ẹ̀yìn Ramlah nínú ìmọ́lẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó wà lọ́rùn, ó wà láyà, kéékèèké, pupa nídìí, omi mímọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ti bẹ́ níbi tó ti họ ọ́.

Kò pariwo. Ó sọ fún ọmọ náà pé òun ń bọ̀, ó jáde, ó bá ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bu omi bọ́ ojú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló pe Tàófíìkì.

"Kí ló wà lára ọmọ yẹn?"

Ojú Tàófíìkì yí padà. "Ẹ wọ ibẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọ yàrá yẹn? Mo mà sọ fún yín! Ẹnu ọ̀nà ni mo ti sọ fún yín pé àlejò wà nílé!"

"O ní àlejò. Mo lọ kí àlejò!"

Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, nítorí bí kì í bá ṣe ẹ̀mí ló wà níbẹ̀, ẹ̀rín ni. Tàófíìkì ká ọwọ́ lórí. Nílé wọn ní Ìsẹ́yìn, bí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní ilẹ̀ gbóná, á sì yé gbogbo ayé. Àmọ́ lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyẹn gan-an ti wúwo jù fún ilé tí ọmọ tuntun wà. Àlejò ni ìyá náà ń pè é. Tàófíìkì ti ń fi ẹnu wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún méje tó ti fẹ́ ọmọ wọn, ó ti gbàgbé pé kì í ṣe ẹnu ilé bàbá òun.

"Àná ló yọ sí i lára," ó wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. "Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹrin, nẹ́tíwọ̀kì kò jẹ́. Ìyá dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà ni mi ò ṣe lè là á mọ́lẹ̀. Mo rò pé ó yé yín."

"Pe dókítà fún mi."

Dókítà Ayọ̀dàmọ́lá ni obìnrin tó ń tọ́jú kíndìnrín rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ó gbé fóònù, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìdá a dúró. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo gan-an ni ara ọmọ náà kọ́kọ́ gbóná? Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ? Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń húkọ́, bíi ti èèyi? Ṣé ẹlòmíì ní irú rẹ̀ ládùúgbò? Sàfúrátù kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Tàófíìkì ti wà lóko iṣu ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

"Ìbéèrè kan ló kù, Ìyá Samsu, òun ló sì ṣe pàtàkì jù," dókítà wí, orúkọ ọmọ Sàfúrátù ló máa ń fi pè é. "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti ní in rí, ní kékeré?"

"Mi ò mọ̀, dókítà."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún yín?"

Ta ni yóò sọ ọ́? Ìyá wọn ti kú. Bí ìyá náà bá sì wà láyé, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni òun náà yóò sọ. Sàfúrátù rántí pé nígbà kan tí òun wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn ní Òkèhò, àwọn ará ibẹ̀ ní kó má tíì wálé, pé Tàófíìkì ń gbàlejò. Ó ti rò títí di òní pé àlejò ló wá nígbà yẹn náà.

"Bí ẹ bá ti ní in rí, ara yín lè rántí bó ṣe ń bá a jà," dókítà wí. "Bí ẹ ò bá ní in rí, ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín. Oògùn wà tí a lè bẹ̀rẹ̀ kó tó yọ, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mò ń bá jà. Ẹ fún ẹni tó ń tọ́jú ọmọ náà ní fóònù."

Ìyá Abíọ́nà ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó wo fóònù náà bí ẹni tí wọ́n na ejò sí.

"Mi ò ní sọ ọ́," ó wí. "Ẹ má bínú, àna mi. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wà nínú ilé yìí. Ẹ fẹ́ kí n máa pe àlejò yẹn lórúkọ, kí n máa ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó sì gbọ́?"

"Ìyá, dókítà ni," Tàófíìkì bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo gbọ́. Mẹ́rin ni àwa tí ìyá mi bí. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ló mú mẹ́ta lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ mú méjì, ìyá mi bínú, ó jáde sí gbangba, ó dárúkọ ẹ̀, ó bú u. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá ẹni kẹta. Ojú mi ló ṣe."

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú ìyẹn kì í ṣe òpònú. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò, gẹ́gẹ́ bí Sàfúrátù ṣe ń dáàbò bo ẹ̀mí tirẹ̀, ẹ̀mí kan sì nìyí tó ń dènà ẹ̀mí kejì. Tàófíìkì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbóhùn sókè. Sàfúrátù mú un lápá.

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyá, ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà wá wo ara mi. Ẹ̀yin mọ àpá rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ti bá mi rí."

Ìyá náà fà á dìde. Ó wá mú un lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀ tí wọ́n fi páànù yí ká lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ti ń wọlé tààrà. Sàfúrátù bọ́ ìborùn, ó bọ́ bùbá. Ó jókòó lórí òkúta, ó kẹ́yìn sí i. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín níwájú ilé, ẹnìkan ń ké pé kí wọ́n gbé omi wá. Ìka ìyá àgbà náà gbẹ, kò sì kánjú. Ó wo ẹ̀yìn etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ya irun orí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dì í, ó wo ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí. Ó wo ìpakọ́, ó wo ẹ̀yìn, ó wo abẹ́ apá. Nígbà kan ó dúró sí ibì kan léjìká, ó fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ibi tí wọ́n ti gúnni ní abẹ́rẹ́ ni," ìyá náà wí, ó sì kọjá.

Ó ní kó yíjú padà. Ó wo àyà rẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀, ó sì kan ojú ọgbẹ́ gígùn tó tẹ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún.

"Èyí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n gbà fi kíndìnrín Tàófíìkì sí, ìyá."

Ìyá Abíọ́nà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ọgbẹ́ náà. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Láti ọdún méje tí wọ́n ti di àna, "ẹ" ló ń bá Sàfúrátù sọ. Ẹnu rẹ̀ yí padà lọ́jọ́ náà.

"Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ rí, ọmọ mi," ó wí. "Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn ọ́. Wọ aṣọ rẹ."

Sàfúrátù kò lè wọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò rí ojú bùbá. Ìyá náà ló wọ̀ ọ́ fún un, ó wé ìborùn fún un bí ẹni ń múra fún ọmọ iléèwé, ó sì na ọwọ́. "Fóònù yẹn dà?"

Ó gbà á lọ́wọ́ Tàófíìkì. Kò dúró nínú ọgbà. Ó kọjá lára àwọn àlejò, ó kọjá abà iṣu, ó rìn títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti sun igbó, jìnnà sí ọmọ tuntun. Ibẹ̀ ló dúró sí nínú oòrùn, ó gbé fóònù síwájú ẹnu, ó sì dárúkọ rẹ̀. Ó pè é ketekete, orúkọ gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń sọ ìtàn yìí kò ní kọ ọ́ síbí, ìyá tirẹ̀ náà ṣì wà láyé. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ka gbogbo rẹ̀ fún dókítà: ọjọ́ tí ara Ramlah gbóná, ibi tó ti kọ́kọ́ yọ, iye ọmọ tó ti mú ládùúgbò, pé ojú rẹ̀ kò pọ́n, pé kì í húkọ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Nígbà tó padà dé, ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun ló kọ́kọ́ lọ, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó sì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ṣíkìnpọ́ọ̀sì ni," dókítà wí fún Sàfúrátù. "Ẹ máa bọ̀ n'Ìbàdàn lónìí. Ẹ má yà sílé."

Tàófíìkì gba mọ́tò, ó sì bá a lọ. Kò sí ewu fún un, òun ti ní tirẹ̀. N'Ìbàdàn wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Sàfúrátù, ohun tí ẹ̀rọ wọn sì sọ ní ọjọ́ kẹta kò yàtọ̀ sí ohun tí ìyá Kìṣí ti fi ìka kà lójú oòrùn. Wọ́n fi í sí yàrá kan lóun nìkan, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa retí. Ìretí náà ló burú jù. Láràárọ̀ ni yóò bọ́ aṣọ níwájú dígí, yóò wo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, àyà rẹ̀ á já. Ọjọ́ keje kọjá, ọjọ́ kẹwàá kọjá, ọjọ́ kejìlá kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rò pé bóyá Ọlọ́run ti gbọ́.

Ọjọ́ kẹtàlá, ó rí ọ̀kan lábẹ́ àgbọ̀n. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti pé mọ́kàndínlógún. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, ikọ́ dé.

Wọ́n so omi oògùn mọ́ ọn lápá. Dókítà Ayọ̀dàmọ́lá wọlé pẹ̀lú àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ́wọ́, ó fa àga mọ́ ibùsùn.

"Ìyá Samsu, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú. Omi oògùn yìí nìkan ò ní tó. Nínú oògùn méjì tó ń mú ọlọ́dẹ ara yín tòògbé, mo fẹ́ dá ọ̀kan dúró, kí wọ́n jí díẹ̀, kí wọ́n bá wa jà."

"Bí wọ́n bá jí, kí ni wọ́n máa ṣe kíndìnrín?"

Dókítà kò purọ́ fún un. "Wọ́n lè kọjú sí i. A óò máa ṣọ́ ọ. Àmọ́ wọ́n lè ṣe é léṣe. Ó tilẹ̀ lè lọ."

"Ẹ má dá a dúró."

"Ẹ gbọ́ mi—"

"Ẹ má fọwọ́ kan oògùn yẹn!" Ikọ́ gbà á, ó húkọ́ títí omijé fi dé. "Mo máa bá a jà bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín yìí kì í ṣe tèmi, dókítà. Tàófíìkì ló ni í. Mi ò lè jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Bí ẹ bá kú, òun náà á bá yín kú."

"Á jẹ́ pé mo pa á mọ́ dópin nìyẹn."

Tàófíìkì ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò mọ ìgbà tó dé. Ẹni tí kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn láti kékeré, tí kì í dúró gbọn-in bá a sọ̀rọ̀, ó wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì pariwo mọ́ ọn débi pé nọ́ọ̀sì yọjú.

"Ta ló fún yín ní nǹkan pa mọ́? Ta ló ní kẹ́ ẹ bá òun ṣọ́ kíndìnrín? Nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe yọ kíndìnrín, Àǹtí mi! Mi ò yọ ẹ̀gbọ́n mi nítorí kíndìnrín! Tó bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dúró."

Sàfúrátù wo àbúrò rẹ̀, èyí tó pọ̀n sẹ́yìn rí, tó fi irùngbọ̀n dúró níwájú rẹ̀ báyìí tó ń mí hélehéle. Ọdún méjì ààbọ̀ ló fi ru ẹrù kan tí ẹnikẹ́ni kò dì fún un, ọrùn rẹ̀ sì ti wọ̀. Ó bú sẹ́kún. Kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kò sunkún ní Àgọ́-Àrẹ, ṣùgbọ́n ó sun ún lọ́jọ́ yẹn bí ọmọdé, ó ń húkọ́, ó ń sunkún.

"Ẹ dá a dúró, dókítà," ó wí.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kejì burú, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, Tàófíìkì kò kúrò lórí àga. Ọjọ́ kẹta, tuntun kò yọ mọ́. Ọjọ́ karùn-ún, ikọ́ náà lọ sílẹ̀, àwọn tó ti yọ ń gbẹ, dókítà sì wọlé wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kún. Ó ní ẹ̀mí ti bọ́ nínú ewu. Ó ní kíndìnrín náà fara gbá a, ó ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀, kò sì dájú pé yóò gbà á padà, àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Dókítà jáde. Sàfúrátù rọra gbé ara sókè lórí ìrọ̀rí. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ àbúrò rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ka ìwé náà.

"Tàófíìkì, o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti—"

"Ẹ ti jẹun?" Tàófíìkì bi í.

Ó wò ó. Ó ní rárá, òun kò tíì jẹun. Tàófíìkì dìde, ó wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, ó sì jáde lọ wá ẹ̀kọ gbígbóná fún un.